Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Búrẹ́dì, Ẹ̀wà àti Ẹ̀fọ́ Tútù ní Ìlú Kàdúná

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹ̀rí òwe yìí, kí ó wo oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn ará ìlú Kàdúná. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, láti Kawo ní apá àríwá títí dé Sabon Tasha ní apá gúúsù, àwọn obìnrin a ti gbé agbada òróró kaná lẹ́bàá títì. Ẹ̀wà lílọ̀ ni wọ́n ń dín. Àwọn Haúsá ń pè é ní kosai, àwọn Yorùbá ń pè é ní àkàrà. Nítòsí wọn ni mai shayi, ìyẹn oní-tíì, tẹ́ bẹ́ńṣì rẹ̀ sí. Òun ní tirẹ̀ ń yan búrẹ́dì lórí iná èédú, ó sì ń rẹ́ àlùbọ́sà àti tòmátì sínú àwo. Òṣìṣẹ́ tí ó ń kánjú yóò la búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, yóò ki àkàrà gbígbóná bọ̀ ọ́ láàárín, yóò fi àlùbọ́sà àti tòmátì tútù lé e, yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́.

Nǹkan mẹ́ta ni ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà dé Kàdúná yàtọ̀ sí ti ìkejì rẹ̀. Búrẹ́dì bá ọkọ̀ ojú irin wá láti etíkun. Ẹ̀wà wá láti oko ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó yí ìlú náà ká. Ẹ̀fọ́ tútù wá láti ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá odò tí àwọn Haúsá ń pè ní fadama. Ète àròkọ yìí ni láti tọ ipasẹ̀ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá dí.

Ọ̀rọ̀ náà bá àkókò mu, nítorí oúnjẹ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ń gbé gẹ̀gẹ̀ lóde òní. Àwọn ará Lébánónì, Síríà àti Íjíbítì ní irúfẹ́ ẹ̀wà roboto kan tí wọ́n ń pè ní hummus. Wọn a sè é títí yóò fi rọ̀, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a pò ó mọ́ yànmọtí lílọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù àti iyọ̀. Orúkọ ẹ̀wà náà ni ó di orúkọ oúnjẹ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ irú rẹ̀, nítorí pé nínú àwọn ìwé ìdáná tí a kọ ní Íjíbítì láàárín ọdún 1200 sí 1400 ni a ti rí bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀wà yìí fún jíjẹ. Àwọn oníṣòwò Lébánónì tí wọ́n ti ń wá sí Nàìjíríà láti ìparí àwọn ọdún 1800 kò sì gbàgbé oúnjẹ ilẹ̀ wọn. Lónìí, àwọn ènìyàn ń fi hummus kun búrẹ́dì yíyan, wọ́n sì ń to kùkúḿbà, tòmátì àti kárọ́ọ̀tì tútù lé e lórí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè sọ pé àṣà àjèjì gbáà ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà níbẹ̀ bí kò ṣe búrẹ́dì, ẹ̀wà lílọ̀ àti ẹ̀fọ́ tútù? Orúkọ rẹ̀ ni ó ṣàjèjì sí Kàdúná. Ìṣe rẹ̀ kò ṣàjèjì rárá.

Ẹ̀rí Inú Èdè

Ibi tí ìwé ìtàn kò bá ti sọ̀rọ̀, èdè a máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ń lò fún oúnjẹ tí a ń sọ yìí àti ohun tí a fi ń ṣe é: búrẹ́dì àti àlìkámà. Búrẹ́dì wá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni a ti gbọ́ ọ, etíkun ni ó sì ti wọlé. Àlìkámà kò gba ibẹ̀ wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni Yorùbá ti gbọ́ alkama, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn Haúsá sì ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbọ́sà: Haúsá ń pè é ní albasa, Lárúbáwá ń pè é ní al-baṣal. Èyí fi hàn pé kí ìyẹ̀fun àlìkámà tó máa bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, àlìkámà fúnra rẹ̀ ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ dé òkè Ọya. Ṣáájú ìjọba àwọn òyìnbó ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Kánò, Bọ̀rọ̀nú àti Ṣókótó ti ń fa omi sí oko àlìkámà ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́lá àti àwọn àlejò Lárúbáwá ni ó sábà máa ń jẹ ẹ́.

Láti inú àlìkámà yìí ni àwọn ará Kánò ti ń ṣe gurasa, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n máa ń yan nínú ààrò amọ̀. Wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a fi kúlíkúlí tí a gún kúnná àti òróró pò ó, wọn a sì rẹ́ àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì tútù lé e. Wọ́n ń pè é ní bandashe. Ẹ̀pà ni a fi ń ṣe kúlíkúlí, ẹbí kan náà sì ni ẹ̀pà, ẹ̀wà àti hummus ní ojú àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń jẹ bandashe ní Kánò tàbí ní Kàdúná kò jìnnà sí ẹni tí ó ń fi búrẹ́dì jẹ hummus ní Bẹ́rúùtù.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gan-an. Nígbà tí àwọn Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní àwọn ọdún 1800, wọ́n bá àjọ àwọn Júù kan pàdé tí a kì í fi búrẹ́dì wíwú ṣe. Àjọ àìwúkàrà ni a ń pè é nínú Bíbélì Yorùbá. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, a ó rí àkàrà tí kò wú nínú rẹ̀. Ìwúkàrà, ìyẹn ohun tí ń mú ìyẹ̀fun wú, wá láti orírun kan náà. Nígbà tí Yorùbá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi gbé búrẹ́dì wọ inú èdè rẹ̀, àkàrà ni ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kí ẹnikẹ́ni tó máa ki àkàrà bọ inú búrẹ́dì ní ẹ̀bá títì Kàdúná ni èdè ti so àwọn méjèèjì pọ̀.

Búrẹ́dì Bá Ọkọ̀ Ojú Irin Dé

Ìlú Kàdúná kò pẹ́ láyé bí Kánò tàbí Zaria. Ìjọba amúnisìn ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni Frederick Lugard kéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí òkè Ọya ní Lokoja. Olú-ìlú ìjọba náà kó lọ sí Jẹ́bà, ó tún kó lọ sí Zungeru. Lẹ́yìn èyí ni Lugard yan ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò Kàdúná. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1917, ìjọba ti kó kúrò ní Zungeru tán. Ọ̀nì ni a gbọ́ pé ó fún odò náà lórúkọ, nítorí kada ni Haúsá ń pe ọ̀nì.

Ojú irin ni ó jẹ́ kí ilẹ̀ náà wu ìjọba. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò. Kí ọdún 1930 tó dé, ojú irin láti Port Harcourt pàápàá ti dé Kàdúná, ìlú náà sì di oríta ojú irin méjì. Àwọn akọ̀wé, àwọn oníṣẹ́ rélùwéè, àwọn sójà àti àwọn oníṣòwò rọ́ wọ ibẹ̀ láti gúúsù. Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí ti mọ búrẹ́dì kí wọ́n tó kúrò nílé.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíìlì àti àwọn Sàró tí wọ́n bọ̀ láti Sàró wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń yan búrẹ́dì tà ní Èkó ní àwọn ọdún 1800. Pààrọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Àwọn ẹrú Yorùbá ti gbé àkàrà lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní acarajé títí di òní, tí wọ́n sì ń là á sí méjì láti fi ohun jíjẹ mìíràn àti tòmátì rírẹ́ sí i nínú. Àwọn ọmọ wọn padà sílé, wọ́n sì gbé búrẹ́dì bọ̀.

Ẹni tí ó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà. Ní ọdún 1913 ni ó dé Nàìjíríà láti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè. Ní ọdún 1921 ni ó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó. Òun ni a mọ̀ mọ́ lílo ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi dán, ẹ̀rọ tí ó jẹ́ kí búrẹ́dì ilẹ̀ wa le, kí ó sì máa fà bí a bá ń jẹ ẹ́. Kí ó tó kú ní ọdún 1954, àwọn ènìyàn ti ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Peter Kilby, tí ó kọ ìwé nípa iṣẹ́ búrẹ́dì ní Nàìjíríà ní ọdún 1965, fi hàn bí òwò náà ṣe tàn láti ọwọ́ àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìlú gbogbo. Kò yani lẹ́nu pé akọ̀wé rélùwéè ni ó di ọba búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni oúnjẹ arìnrìn-àjò: kò fẹ́ àwo, kò fẹ́ igi ìdáná, kò sì fẹ́ kí a dúró dè é.

Ìdí kan náà ni ó mú un gbilẹ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún 1957 ni ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ mìíràn tẹ̀lé e ní agbègbè Kakuri ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Peugeot dé ní ọdún 1975, ilé ìfọpo sì dé ní ọdún 1980. Òṣìṣẹ́ tí fèrè ilé iṣẹ́ ń pè ní ìdájí kò ní àyè láti gún iyán tàbí láti ro tuwo. Búrẹ́dì ni ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì nìkan kì í pẹ́ nínú ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ̀wà ni ó ń gbé e dúró.

Ohun Tí Ilẹ̀ Fúnra Rẹ̀ Mú Wá

Bí búrẹ́dì bá jẹ́ àlejò, onílé ni ẹ̀wà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà di ohun ọ̀gbìn, Nàìjíríà sì ni orílẹ̀-èdè tí ó ń gbìn ín jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ilẹ̀ gbígbẹ òkè Ọya bá a lára mu, nítorí kò fẹ́ òjò púpọ̀, ó sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ dípò kí ó jẹ ilẹ̀ run. Ní Samaru, Zaria, tí kò ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sí Kàdúná, ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ti wà láti àwọn ọdún 1920. Ó di ara Yunifásítì Ahmadu Bello nígbà tí a dá yunifásítì náà sílẹ̀ ní ọdún 1962. Ibẹ̀ àti ilé ìwádìí IITA tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967 ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀wà tuntun tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ti jáde.

Ẹ̀wà ṣe ohun tí búrẹ́dì kò lè dá ṣe. Èròjà pròtéènì tí ń mú ara ọmọdé dàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí ó sì kù díẹ̀ káàtó nínú àlìkámà ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wà. Bí a bá jẹ wọ́n pọ̀, ọ̀kan a dí àlàfo ìkejì. Àwọn ìyá wa kò nílò kí oníṣẹ́ ìlera sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé búrẹ́dì àti àkàrà ń yóni. Ní Èkó, àwọn obìnrin Àgànyìn fi ẹ̀wà rírọ̀ àti ata díndín kún un, búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà àgànyìn sì di ọ̀rẹ́ tí a kò lè yà. Ẹ̀wà tí a tẹ̀ lórí búrẹ́dì ni ìyẹn náà.

Ní ti ẹ̀fọ́ tútù, odò ni ó ni ín. Bí òjò bá ti dá, àwọn àgbẹ̀ fadama a máa fa omi láti inú odò àti kànga sí oko tòmátì, àlùbọ́sà, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì. Láti agbègbè Zaria àti Kánò ni ọkọ̀ ti ń kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀nà tí búrẹ́dì gbà gòkè ni tòmátì ń gbà sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà Tí Ọ̀nà Dí

Ọ̀nà búrẹ́dì ni ó kọ́kọ́ dí. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì pọ̀ lọ́wọ́ ìjọba, àlìkámà láti òkè òkun sì wọ́n pọ́ọ́kú. Èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ ìyẹ̀fun, èyí tí ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Apapa ní ọdún 1962, pọ̀ sí i káàkiri. Búrẹ́dì tí ó jẹ́ oúnjẹ akọ̀wé di oúnjẹ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, a wá rí i pé a ti fi oúnjẹ òwúrọ̀ wa sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Gunilla Andræ àti Björn Beckman tú ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1985, wọ́n sì fi àlìkámà wé pàkúté. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1987, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé. Iye owó búrẹ́dì fò sókè. Àwọn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ti ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ lú u. Wọ́n gbìyànjú láti gbin àlìkámà púpọ̀ sí i ní àwọn oko olómi òkè Ọya, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ọdún 1992 ni ìjọba tú òfin náà ká. Títí di òní, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní ọdún 2022, oníbúrẹ́dì tí ó wà ní Kàdúná mọ̀ ọ́n lára.

Ìdíwọ́ kejì kò ti òkè òkun wá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná lórí ọ̀rọ̀ òfin Ṣaría. Ó tún bẹ́ ní oṣù kárùn-ún ọdún náà. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tí ó kú. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ni í bá. Lẹ́yìn ìjà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ sí àríwá odò, àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ sí gúúsù. Odò tí ó ń fún gbogbo ìlú ní omi wá di ààlà. Síbẹ̀, oúnjẹ kò lè pín bí ènìyàn ti pín. Kò sí ẹ̀gbẹ́ odò kan tí ó lè dá ní àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Ọjà ni ó fi ipá mú àwọn ènìyàn láti tún máa kọjá lórí afárá.

Ìdíwọ́ kẹta jẹ́ ti tòmátì. Kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ilẹ̀ kan náà tí tòmátì fúnra rẹ̀ ti wá. Ó dé Spéìnì ní ọdún 2006, ó gba Àríwá Áfíríkà kọjá, ó sì wọ oko wa. Ní oṣù kárùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, nítorí kòkòrò náà ti jẹ oko run. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Kánò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tòmátì ní ọdún yẹn kò rí tòmátì lọ̀ mọ́, ó sì dáwọ́ dúró. Ọ̀nà tí ohun rere ń gbà wọlé kò ṣàjèjì sí ohun búburú.

A lè rò pé ẹ̀wà, ọmọ onílé, yóò yọ nínú irú èyí. Kò yọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró ní ẹnu ibodè wọn, nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àká ni àwọn oníṣòwò ń sá fún tí wọ́n fi ń da oògùn sí i. Ní ìparí ọdún 2019, àwọn onímọ̀ Samaru gbé irú ẹ̀wà kan jáde tí kòkòrò inú pádi kò lè jẹ, ṣùgbọ́n irúgbìn nìkan kọ́ ni ó ń sọ oko di oko. Ní agbègbè bí i Birnin Gwari, àwọn àgbẹ̀ kò lè lọ sí oko wọn ní àlàáfíà nítorí àwọn agbébọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Abuja sí Kàdúná pàápàá. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 2024, ẹ̀wà ti gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi kéde pé fún 150 ọjọ́, a lè kó àlìkámà, àgbàdo, ìrẹsì àti ẹ̀wà wọ orílẹ̀-èdè yìí láìsan owó ibodè.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìkéde yìí. Pé a ń kó àlìkámà wọlé kì í ṣe ohun tuntun. Àlejò ni búrẹ́dì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé orílẹ̀-èdè tí ó ń gbin ẹ̀wà jù lọ láyé ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀wà ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní ọdún 1987, àlejò ni ó bínú lọ. Onílé ṣì wà nílé. Bí onílé bá tún bínú lọ, ta ni yóò kù nínú ilé?

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a kọ oúnjẹ àjèjì sílẹ̀. Bí a bá ní kí a mú ohun tí ó ti òde wá kúrò lórí àwo Kàdúná, búrẹ́dì yóò lọ, tòmátì yóò lọ, tíì yóò lọ. Ohun tí ó ń kọ́ wa ni pé kí a mọ èyí tí ó jẹ́ tiwa nínú àwo náà, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹni tí hummus bá wù, kò di dandan kí ó ra ẹ̀wà inú agolo tí ó ti òkè òkun wá. Kí ó rẹ ife ẹ̀wà kan sínú omi, kí ó bó èèpo rẹ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ ṣe àkàrà, kí ó sì sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa. A kò gbọdọ̀ fi sísè yìí ṣeré, nítorí tútù ni a ń lọ ẹ̀wà àkàrà kí a tó dín in, ṣùgbọ́n èyí kò tún ní kan iná mọ́. Kí ó yan yànmọtí díẹ̀, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní ridi, kí ó lọ̀ ọ́ títí òróró rẹ̀ yóò fi jáde. Nàìjíríà ń gbin yànmọtí púpọ̀, ó sì ń kó o lọ tà fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ ohun tí a lè fi ṣe. Kí ó lọ ẹ̀wà náà pẹ̀lú yànmọtí, ẹ̀là aáyù kan, omi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti òróró díẹ̀, títí yóò fi kúnná bí òrí. Kí ó yan búrẹ́dì títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ó fi ẹ̀wà náà kùn ún nípọn. Kí ó fi omi tí ó mọ́ fọ tòmátì, kùkúḿbà, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà dáadáa, nítorí omi odò tí a fi ń bomi rin wọ́n kì í fi gbogbo ìgbà mọ́; kí ó rẹ́ wọn tín-ín-rín lé e lórí. Kí ó jẹ ẹ́ kí búrẹ́dì tó rọ̀.

Lọ́wọ́ olùkọ́ ni èyí tí ó kù wà. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé ní ìtàn Nàìjíríà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí búrẹ́dì àti àkàrà tí ọmọ náà jẹ kí ó tó wá sí ilé ìwé. Láti orí rẹ̀ ni yóò ti dé orí ojú irin, orí àwọn Àgùdà, orí ọ̀nà aṣálẹ̀ àti orí òfin ọdún 1987. Ẹni tí yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ àgbẹ̀ lè kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú ẹ̀wà sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí kòkòrò kú láìlo oògùn. Ẹni tí yóò kọ́ wọn ní Yorùbá lè bi wọ́n léèrè ibi tí àlùbọ́sà àti àlìkámà ti rí orúkọ wọn. Bí ọmọ bá mọ̀ pé ọ̀nà púpọ̀ ni ó wọ ọjà tí a ti ra oúnjẹ òun, kò ní máa fi ojú àjèjì wo ẹni tí ó gba ọ̀nà mìíràn wá. Yóò sì mọ̀ pé bí ọ̀nà gbogbo tilẹ̀ wọ ọjà, oko ẹni ni a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó di igbó.